Ìwé Ìròyìn Inú Bàtà

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Mo ń rán bàtà, mo ń sọ̀rọ̀. Mo ń jẹun, mo ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní ọjọ́ tí mo bá kú, wọ́n á sin ara mi tán, wọ́n á tún padà wá sin ẹnu mi lọ́tọ̀. Nítorí náà, bí mo bá wí fún yín pé ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi yìí gbé mì, tí mi ò jẹ́ kó jáde fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Iṣẹ́ bàtà ni mò ń ṣe. Yàrá méjì là ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú, kọ́tìnnì kan ṣoṣo ló pín òun àti pálọ̀ níyà. Ẹni tó bá wọlé, òórùn gọ́ọ̀mù ló máa kọ́kọ́ kí i kí èmi tó kí i. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin, ó sì di nọ́ọ̀sì. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Nọ́ọ̀sì, ni ìyàwó mi bá di Ìyá Nọ́ọ̀sì, èmi náà di Bàbá Nọ́ọ̀sì, bíi pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wọ aṣọ funfun náà. Ọkọ rẹ̀ ṣàìsàn kú nígbà tí ọmọ wọn ṣì ń rá, ló bá gbé ọmọ náà kó padà sọ́dọ̀ wa. Ọmọ yẹn là ń pè ní Oníbéèrè. Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń bèèrè. Kí ló dé tí bàtà fi jẹ́ méjì tí fìlà fi jẹ́ ọ̀kan? Ta ló kọ́ tíṣà àkọ́kọ́ níwèé? Èèyàn á dá a lóhùn títí, gọ́ọ̀mù á gbẹ sí i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó le, kí n bọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí Nọ́ọ̀sì tọ́jú ìyá ẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó ní òun fẹ́ fi ọmọ mi ṣaya. Ọmọ mi ní òun ò fẹ́. Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nígbà tó yá ó sọ ọ́ láìsí ọ̀wọ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń ti ibiṣẹ́ bọ̀, ọkùnrin náà ti dúró dè é lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, ó sì fi ọ̀bẹ pa á. Wọ́n mú un níbẹ̀. Kò tilẹ̀ sá.

Wọ́n ní ká wá wò ó. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ẹ̀ fún wa, ìyàwó mi jáde síta, ó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, gèlè rẹ̀ tú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn ò sì jáde níbẹ̀. Ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ò mọ irú obìnrin tí ìyàwó mi jẹ́. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, á kọ́kọ́ wé nǹkan mọ́rí kó tó dáhùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òun ló wà lójú ìwé ìròyìn tó la ẹnu sílẹ̀ yẹn, Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé olólùfẹ́ ẹ̀ ló pa á. Olólùfẹ́ kẹ̀. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Kí ìwé ìròyìn yẹn tó jáde ṣá, ọjọ́ tí wọ́n pa á gan-an, Oníbéèrè ti iléèwé dé. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó bá wa ní pálọ̀, ó wo ojú wa, ó ní màmá òun ńkọ́. Ìyàwó mi fà á mọ́ra, ó ní mọ́tò ló gbá màmá rẹ̀, wọn ò sì rí i gbà là. Mo gbọ́ ọ, ó yà mí lẹ́nu, torí a ò jọ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọwọ́ bo ojú ọmọ kí oòrùn má wọ̀ ọ́. Èmi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí irọ́ ṣe di ti ilé nìyẹn.

Irọ́ kì í dá gbé, ó ń fẹ́ alábàárò. Ìyàwó mi lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun pa ẹnu mọ́, pé òun fúnra òun máa sọ ọ́ fún ọmọ náà tó bá dàgbà díẹ̀ sí i. Àdúgbò gbà. Mo ti gbé pẹ̀lú àwọn èèyàn yìí látìgbà tí irun mi ṣì dúdú, mi ò mọ̀ pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọkùnrin tó sanra bí àpò ìrẹsì, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kì í kú. Bó bá ti rí Oníbéèrè lókèèrè, á fi oníbàárà sílẹ̀ lórí àga, á sáré lọ fi ẹ̀yìn bo tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan wà tó lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ìlàjì irun lórí, nítorí pé ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bèèrè pé kí ló dé tí irun kì í dun èèyàn tí wọ́n bá ń gé e. Onígbàjámọ̀ ń fi ẹ̀yìn bo tẹlifíṣọ̀n, ó ń ronú èsì, oníbàárà wo aago, ó bá tiẹ̀ lọ.

Télọ̀ tó wà ní òdìkejì náà ṣe tiẹ̀. Ẹnu obìnrin yẹn mú ju àlùmọ́gàjí ẹ̀ lọ. Oníròyìn kan gbé kámẹ́rà kọ́rùn dé, ó ní òun ń wá ilé Nọ́ọ̀sì, òun sì gbọ́ pé ó fi ọmọ sílẹ̀. Télọ̀ ní òun mọ ilé náà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wọn ṣòkòtò fún un, nítorí èyí tó wọ̀ yẹn ń dójú ti òun. Ó wọn ọ̀gbẹ́ni náà láti ọrùn dé kókósẹ̀, ó wá júwe ẹ̀yìn bárékè ọlọ́pàá fún un.

Èmi ni mi ò ní ipa kankan tí mo kó ju pé kí n dákẹ́ lọ, ìyẹn sì le fún mi ju ti gbogbo wọn. Bí ọmọ náà bá bi mí nípa mọ́tò náà, àwọ̀ ẹ̀, ẹni tó wà á, ṣe ni mo máa ń kó ìṣó sẹ́nu, kí n lè rí àwáwí pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ìwé ìròyìn ló wá kù. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí mo bá tún bàtà ṣe tán, mo máa ń rún ìwé ìròyìn sínú ẹ̀ kó má baà wó kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Ọkùnrin kan ló ń kó ìwé àlòkù wá fún mi. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ìyàwó mi ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ojú tiẹ̀ ṣì dára. Ojú ìwé tó bá ti ní ọmọ wa, á yọ ọ́ kúrò. Mo rò pé ó ń sun ún ni. Mi ò bi í. Kò sun ún. Ojú ọmọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ki iná bọ̀ ọ́? Ó ń ká a, ó ń tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, lápá ibi tí orí òun máa ń wà.

Èmi ò mọ̀. Mo ń sùn lórí ẹ̀, mi ò mọ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan tí ìdí bàtà iléèwé Oníbéèrè là. Mo lẹ̀ ẹ́, mo rán an yípo, ó wù mí. Ìwé tán ní ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó mi sì ti jáde. Mo wọ yàrá lọ wá bébà tó máa ń fi tẹ́ inú àpótí aṣọ, ọwọ́ mi lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bá bébà níbẹ̀ ní kíká. Inú mi dùn. Gíláàsì mi wà lórí tábìlì iṣẹ́, ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n lọ mú un. Mo ya méjì nínú ẹ̀, mo rún ọ̀kan sínú ti ọ̀tún, ọ̀kan sínú ti òsì, mo gbé bàtà náà sí ojú fèrèsé kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó ti iṣẹ́. Oníbéèrè wọlé wá, ó mú bébà kan lọ́wọ́ tó yọ nínú bàtà rẹ̀, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ nà án gbalaja. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ bá mi wo eléyìí." Mo ní ojú mi ò gbé e, kó kà á kí n gbọ́. Ẹ gbọ́ mi? Èmi ni mo ní kó kà á.

Ó kà á. Ó fi ìka tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe kọ́ wọn níléèwé, kò sáré, kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Orúkọ ìyá rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà. Ọ̀bẹ. Géètì. Hámà wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Kọ́tìnnì mì, ìyàwó mi sì yọ, ọṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti gbọ́.

Ọmọ náà kà á dé ìsàlẹ̀ kó tó gbójú sókè. Ó ní, "Màmá àgbà, ṣé òótọ́ ni?"

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín awọ àti ìṣó. Ó ní, "Òótọ́ ni, ìyá mi. Kì í ṣe mọ́tò. Èèyàn ló pa á. Èmi ni mo parọ́, bàbá àgbà ẹ kàn tẹ̀ lé mi ni."

"Kí ló dé tí ẹ ní mọ́tò ni?"

"Torí mọ́tò ò mọ ẹni tó gbá. Mi ò fẹ́ kó o mọ̀ pé èèyàn lè mọ ẹnì kan, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí i."

Oníbéèrè rò ó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúgbò. Ṣé onígbàjámọ̀ mọ̀? A ní ó mọ̀. Télọ̀ ńkọ́? Ó mọ̀. Tíṣà òun? Ìyàwó mi ní òun ló lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì? Ó mọ̀. Ọkùnrin tó ń kó ìwé àlòkù kiri? Mo ní bóyá òun náà mọ̀.

Ó ní, "Èmi nìkan lẹ ò wá sọ fún. Màmá mi sì ni."

Ó ká bébà náà, ó mú un wọlé. Kò sunkún lójú wa. Ì bá sàn fún mi ká ní ó sunkún.

Àwa ti sá fún kámẹ́rà, a ti sá fún tẹlifíṣọ̀n, a ò sì mọ̀ pé ọwọ́ wa la fi ń ti ọmọ náà síta ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ohun tó wá tẹ̀ lé e ló bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ náà ò bèèrè nǹkan mọ́. Á jí, á kí wa, á jẹun, á lọ síléèwé. Mo bá a sọ̀rọ̀, á ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo tún sọ òmíràn, á ní rárá sà. Sà, èmi tó jẹ́ pé irùngbọ̀n mi ló máa ń fi ṣeré. Mo dá a lápàárá pé mo rí bàtà tó jẹ́ ọ̀kan, kó wá bi mí bóyá fìlà ni. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín bí àlejò ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ mi ń já sílẹ̀ bí ìṣó tí kò rí awọ. Onígbàjámọ̀ wá bi mí pé ta ló ṣẹ ọmọ náà, pé ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà òun, kò bèèrè ohunkóhun, òun sì ti fi ẹ̀yìn bo tẹlifíṣọ̀n lásán. Mo ní kó máa gbádùn tẹlifíṣọ̀n ẹ̀, ohun tí à ń bò ti ṣí.

Ìyàwó mi ló là á. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọmọ náà ń ṣe iṣẹ́ iléèwé lórí tábìlì mi, ó wọ yàrá, ó gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, ó kó gbogbo bébà náà jáde, ó wá tò ó síwájú ọmọ náà, títí kan èyí tí òun fúnra ẹ̀ ti la ẹnu sílẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo ohun tí mo gbé pamọ́ fún ẹ nìyí. Kò sí òmíràn mọ́. Bi mí."

Ọmọ náà wo bébà, ó wo ìyá-ìyá rẹ̀. Mo ń nu bàtà kan tó ti ń dán tẹ́lẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé olólùfẹ́ ẹ̀ ni lóòótọ́?"

Ìyàwó mi ní rárá, ó sì sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ fún un, gbogbo ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ náà mú pẹ́ńsùlù mi tí mo fi ń sàmì sára awọ, ó fa ìlà lé ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ náà lórí. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Èyí tó jẹ́ òótọ́, wọ́n fi í sílẹ̀. Èyí tó jẹ́ irọ́, ó fa ìlà lé e. Ó dé ibi tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́rin kún ọjọ́ orí Nọ́ọ̀sì. Mo ní ká ní ó wà láyé ni, ìyẹn gan-an ì bá bí i nínú jù, ì bá lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Oníbéèrè rẹ́rìn-ín. Kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àlejò.

Ó wá bèèrè èyí tí mo ti ń gbàdúrà pé kó má bèèrè. Ó ní ṣé ẹ̀rù ba màmá òun.

Mo rò pé ìyàwó mi máa ní rárá. Èmi ì bá ní rárá. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Mi ò mọ̀, ìyá mi. Mi ò sí níbẹ̀. Mi ò sì ní parọ́ fún ẹ mọ́."

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà sunkún. Ó gbé orí lé ìyá-ìyá rẹ̀ láyà, àwọn méjèèjì jọ sunkún, èmi náà ní gọ́ọ̀mù ló ń ta mí lójú.

Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní kí n fún òun ní ọ̀bẹ tí mo fi ń gé awọ. Ọ̀bẹ yẹn mú, mi ò kí ń fún ọmọdé. Mo fún un, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú látẹ̀yìn. A gé ojú Nọ́ọ̀sì kúrò láàárín ọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku ẹ̀rín ẹ̀ nìkan lórí tábìlì. Ọmọ náà wá gé fọ́tò ìyàwó mi náà jáde, èyí tí wọ́n yà níbi gèlè tó tú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó ní tiyín nìyí. Ìyàwó mi gbà á, ó wò ó, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i tó wò ó tààrà nìyẹn. Ó gbé e lọ sídìí sítóòfù ní kíṣìnì, ó sun ún. Nígbà tó dé, ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan ẹ̀ padà fún.

Ẹjọ́ parí nígbà tó yá. Adájọ́ ní ọkùnrin náà ò ní jáde mọ́ títí ayé ẹ̀. Àwọn oníròyìn tún ru sókè. Lọ́tẹ̀ yìí télọ̀ ò júwe bárékè fún ẹnikẹ́ni, torí Oníbéèrè ní kó má júwe ẹ̀ mọ́, pé kí wọ́n máa bọ̀ tààrà. Oníròyìn kan ṣoṣo ló wá, obìnrin, ọ̀dọ́, ó kí wa dáadáa. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà ní ìkọkúkọ nígbà yẹn, òun fẹ́ tún un ṣe, òun fẹ́ kí ayé mọ irú ìyá tó jẹ́. Mo wo ojú ẹ̀, mo rí i pé kò parọ́. Ahọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ti la ẹnu, ìtàn ìgbà kékeré Nọ́ọ̀sì ti dé ibi tí eyín mi wà, nígbà tí ọmọ náà gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. Mo pa á dé.

Oníròyìn náà tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó ní kí ni ọmọ náà rántí jù nípa màmá rẹ̀.

Oníbéèrè ní, "Mo rántí nǹkan púpọ̀, àǹtí. Mi ò kàn ní sọ ọ́ ni."

Àǹtí náà fi ohùn tútù bi í pé kí ló dé.

"Torí tí ẹ bá kọ ọ́, gbogbo èèyàn á mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo gbẹ́yìn gbọ́ bó ṣe kú. Mo fẹ́ ní èyí tó jẹ́ pé àwa nìkan la mọ̀ ọ́n."

Ọmọbìnrin oníròyìn yẹn ti bíírò bọ àpò. Ó ní ṣé kò wá sí nǹkan kan tí òun lè kọ ni. Oníbéèrè ní ó wà, kó kọ ọ́ pé ọkùnrin náà kì í ṣe olólùfẹ́ màmá òun, kò sì fi ìgbà kan jẹ́ ẹ rí. Obìnrin náà tún yọ bíírò. Ó kọ ọ́, ó kà á padà fún un, ọmọ náà ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde, ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí wọ́n ti ń polówó ọṣẹ, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó lọ tán, tí ìyàwó mi ń fọ ife tí a fi fún un lómi, Oníbéèrè jókòó sórí àkójọ awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ sọ ọ̀kan fún mi. Èyí tí wọn ò kọ."

Mo sọ ọ́ fún un. Ti ìgbà tí ìyá rẹ̀ kéré bíi tiẹ̀ ni, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an. Mi ò tíì dé ìdajì tí ìyàwó mi fi pariwo láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì pé mò ń sọ ọ́ sódì, ó sì jáde wá pẹ̀lú ife lọ́wọ́ láti tún un sọ. A jọ jiyàn lórí ẹ̀. Ọmọ náà bi èmi, ó bi í, ó tún yí padà bi èmi, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi yí kúrò lórí awọ.

Mo rí i lójú yín pé ẹ fẹ́ gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó dùn, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ìyẹn ti ilé ni.